Iyanrìn Àgbàlá Káńsù

Lẹ́yìn òmìnira, káńsù kọ́ gbọ̀ngàn fún àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀fà, kí wọ́n lè yéé mu igbó lẹ́yìn téṣàn rélùwéè. Àga ni wọ́n kó kún inú rẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ jókòó wo ògiri? Ẹnikẹ́ni ò wá.

Oyètúndé tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló bẹ káńsù pé kí wọ́n fi owó tó kù ra iyanrìn sí àgbàlá. Ó wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjàkadì níbẹ̀. Àkàngbé ọmọ rẹ̀, tó ti ń mu igbó tipẹ́, náà ń wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àkàngbé dá bàbá rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn, ó ń mí lé e lójú. Kò sí òórùn igbó lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde,” ni Àkàngbé wí, ó fẹ́ tú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

“Má tíì fi mí sílẹ̀,” ni bàbá wí.