Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Dí Géètì

Bí ẹ bá gbọ́ pé mo tàpá sí àṣẹ ọ̀gá mi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, tí mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. N kò sẹ́. Iṣẹ́ sáfà ni mo ṣe ní Ajah, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fẹ títì márosẹ̀ tí eruku rẹ̀ ń bà lé orí tábìlì wa. Mo ti rí oríṣiríṣi ọjọ́ nínú iṣẹ́ yẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi wá dí géètì ẹ́sítéètì kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí sáfà jẹ́, nítorí àwọn ará ilé mi gan-an rò pé fóònù ni mò ń tún ṣe. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì kan sórí fóònù yín, ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ ń kàn yẹn. Fáìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí à ń pè ní fáìlì ìṣètò, òun ló ń sọ ibi tí àlejò kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ọ̀gá Bánkọ́lé tó ni iléeṣẹ́ wa ló kọ́ mi. Wọ́n ní, “Rísí, kọ́kọ́ dárúkọ àwọn yàrá kéékèèké kó o tó dárúkọ pálọ̀. Tó o bá fi pálọ̀ ṣáájú, ibẹ̀ ni gbogbo àlejò máa jókòó sí.” Mo gbọ́, mo sì dì í mú. Àwọn ló padà gbàgbé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi.

Ẹ́sítéètì tí mò ń sọ yìí wà lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó, ní etí ọ̀sà, orí ilẹ̀ àwọn apẹja ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Nígbà tí àwọn ará abúlé ta ilẹ̀ náà, wọ́n yọ ọ̀nà odò sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹni tó ra ilẹ̀ lè kọ́ ilé tó wù ú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ta ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà dé omi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tóóró kan fi gba àárín ògiri ẹ́sítéètì kọjá. Àwọn olówó inú ilé a máa kùn pé òórùn ẹja ń gba ibẹ̀ wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń rán alásè wọn gbà lọ ra ẹja.

Ọwọ́ wa ni ìkànnì ẹ́sítéètì náà wà. Máníjà wọn àkọ́kọ́ ló ní kí n ya fódà kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn apẹja, kí àwọn oníbàárà lè rí ẹja tó dé láàárọ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Bàbá Sáká, olórí àwọn apẹja, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sínú fódà yẹn láti orí fóònù. Àtàǹpàkò wọn ò gbẹ́yìn nínú fọ́tò kankan: òbọ̀kún á wà níhìn-ín, àtàǹpàkò Bàbá á wà lọ́hùn-ún. Kò dí ọjà lọ́wọ́. Láti Ajah làwọn èèyàn ti ń wo fódà náà kí wọ́n tó gbé kúlà jáde. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ gàdàgbà sára gbogbo ọkọ̀ ojú omi wọn.

Nígbà tó yá, ẹ́sítéètì pààrọ̀ máníjà. Ti tuntun ní áàpù lòun fẹ́, èyí tí àwọn onílé yóò máa fi san owó iná, tí wọn yóò sì máa fi gba nọ́ńbà fún àlejò wọn ní géètì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dípọ̀ ló kọ ọ́, ó sì dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó gbé e sórí sáfà wa, ìlà kan ṣoṣo ló kọ sínú fáìlì ìṣètò: gbogbo ẹni tó bá dé, mú un lọ sọ́dọ̀ áàpù. Pálọ̀ nìkan ló dárúkọ. Ẹni tó bá tẹ àdírẹ́ẹ̀sì ẹja, áàpù ló ń bá pàdé, áàpù ò sì mọ ẹja. Ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn password, ló ń béèrè.

Kò pẹ́ tí Bàbá Sáká fi wá bá mi ní ọ́fíìsì. Wọ́n tú láílọ́ọ̀nù, wọ́n gbé òbọ̀kún kan lé tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù.

“Rísí, wo ojú ẹ̀.”

Ojú ẹja náà ti wọnú.

“Ó yẹ kí wọ́n ti sè é jẹ. Ẹni tó fẹ́ rà á ní fóònù ń bi òun ní password. Èwo ni password ẹja? Tó bá ń lọ báyìí, a ò ní lè tu ọkọ̀ mọ́.”

Ojú tì mí. Mo gba yàrá Ọ̀gá Bánkọ́lé lọ, mo bá Dípọ̀ níbẹ̀.

“Ọ̀gá, ìlà kan péré ni. Kí n kọ ti fódà ẹja ṣáájú ti áàpù, àwọn méjèèjì á jọ máa gbé.”

Dípọ̀ mi orí. “Àǹtí Rísí, áàpù ló ni gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì yẹn báyìí. Fódà tó ṣí sílẹ̀ báyẹn, olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ ra domain, àdírẹ́ẹ̀sì tiwọn.”

“Ṣé ìwọ lo máa lọ tún ọkọ̀ wọn kùn?”

Ọ̀gá ló dá mi lóhùn. “Máníjà ní òun ò fẹ́ rí ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ áàpù òun. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ tún ní ẹ́sítéètì míì ní Ibeju-Lekki, iṣẹ́ yẹn ń bọ̀ wá sọ́wọ́ wa. Má bà á jẹ́ fún mi, Rísí. Má fọwọ́ kan fáìlì yẹn.”

Inú bí mi gan-an. Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Sáká, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn bó ṣe rí. Wọ́n nawọ́ mú láílọ́ọ̀nù wọn.

“Ṣé wọ́n ti dí ọ̀nà odò nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó dáa.” Wọ́n di ẹja wọn padà, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ tí máníjà fẹ́ fi áàpù han àwọn onílé, ẹnu géètì ló kó àwọn àti àwa ará iléeṣẹ́ jọ sí, àga àti kánópì. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni àwọn ọkùnrin abúlé gba ọ̀nà tóóró yẹn gòkè wá, ọkọ̀ ojú omi gbọọrọ kan lórí èjìká wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ẹnu géètì, gbagidi. Mọ́tò kankan ò lè wọlé, ìkankan ò sì lè jáde. Ìṣe wọn ni. Ẹni tó bá dí ọ̀nà omi wọn, ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá.

Bàbá Sáká jókòó sórí ọkọ̀. “A ò bá ẹnikẹ́ni jà,” ni wọ́n wí. “Ẹ ka ohun tí a kọ sára ọkọ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù yín. Tó bá ti ṣí, a máa gbé ọkọ̀ wa kúrò.”

Àwọn tó wà nínú mọ́tò tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Password. Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ Ọ̀gá Bánkọ́lé, fèrè mọ́tò ń dún lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi wà lọ́wọ́ mi. Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá Sáká lórí ọkọ̀, mo ṣí i.

“Rísí, mo ti kìlọ̀ fún ẹ,” Ọ̀gá wí.

“Ẹ ti kìlọ̀, sà.” Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Mo kọ ìlà tèmi sókè ti Dípọ̀: ẹni tó bá béèrè ẹja, má mú un lọ sọ́dọ̀ áàpù, fódà ni kó o mú un lọ. Mo ní kí sáfà tún fáìlì náà kà. Obìnrin kan yọ orí jáde nínú mọ́tò rẹ̀.

“Ó ti kúrò ní password. Ó wá ní kò sí àyè láti wọlé.”

Dípọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo tún ìlà mi kà. Mo mọ ohun tó ṣe é. Fódà tí kò bá ní ojú ìwé àkọ́kọ́, sáfà kì í pàtẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àlejò àfi tí a bá pàṣẹ fún un. Ti àtijọ́ ti bá ìṣètò tí Dípọ̀ pa rẹ́ lọ; mo tún àṣẹ náà kọ, fún fódà ẹja nìkan. Mo wá yí kọ̀ǹpútà sí Dípọ̀.

“Wá wò ó. Fi ibi tí olè á gbà hàn mí.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. “Kò kan nǹkan áàpù,” ó wí. “Ó dáa báyẹn, Àǹtí.” Mo gbà fún un lọ́jọ́ yẹn, nítorí ì bá rọrùn fún un láti purọ́, kò sì purọ́.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti mọ́tò dé mọ́tò. Òbọ̀kún, ẹ̀pìyà, ẹja àárọ̀ ọjọ́ náà.

“Àtàǹpàkò ta nìyí?” awakọ̀ kan béèrè.

Bàbá Sáká na tiwọn sókè.

Wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò bí wọ́n ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n wọn ò gbé e padà sómi. Abẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀gbẹ́ géètì ni wọ́n gbé e sí. Máníjà béèrè ìdí. Bàbá ní ó ti ń jò díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi níbẹ̀.

Ọ̀gá Bánkọ́lé fún mi ní kúèrì. Wọ́n ní kí n kọ ìdí tí mo fi tàpá sí àṣẹ, kí n sì tọrọ àforíjì. Mo kọ ọ́ pé àwọn ló kọ́ mi láti dárúkọ yàrá kéékèèké ṣáájú pálọ̀. N kò kọ ohun mìíràn. Iṣẹ́ Ibeju-Lekki kò bọ́ sí wa lọ́wọ́, wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù mí títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo gbé e, kò wúwo.

Ṣàngótẹ̀dó ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ sáfà báyìí. Ẹ́sítéètì yẹn ti pààrọ̀ máníjà, ó ti pààrọ̀ áàpù, ìlà tèmi ṣì wà. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sókè rẹ̀ tí sáfà kì í kà, èèyàn ni mo kọ ọ́ fún: Ọ̀nà odò nìyí, ẹ má dí i. Ọ̀gá Bánkọ́lé ṣì ń retí àforíjì. Ọkọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà lábẹ́ igi, àwọn mẹ́gáàdì ló ń jókòó lé e, ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ò tíì pa rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ìlà mi kúrò, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn ni yóò gbà kọjá kó tó wọlé.