Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Gbọ́ Ti Álọ́ọ̀mù

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ náà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gẹrun nínú yàrá kan tó kọjú sí títì, pẹ̀lú dígí ńlá, àga onírin tó ń yí, àti òkúta álọ́ọ̀mù nínú abọ́. Bí abẹ bá gé èèyàn lára, á ki álọ́ọ̀mù bọmi, á fi tẹ ojú ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Ẹni tí ọ̀bẹ gé, káfíńtà tí ayùn họ lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sá wá.

"Ẹ fara balẹ̀," ni á máa wí. "Ẹ̀jẹ̀ tó bá rí mi, ṣe ló máa ń tijú."

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, ló gbé èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ wá bá a. Télọ̀ ni àbúrò yìí. Láti kékeré ni orúnkún rẹ̀ ti máa ń wú bó bá ṣubú, àwọn òbí wọn á ní eré rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ó lọ yọ eyín kan lọ́jọ́ Ajé, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó rìn wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di agolo tó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sí mú. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wo ẹnu yìí. Kò fẹ́ dá."

"Ìwọ náà ti di oníbàárà? Yanu."

Ó fi álọ́ọ̀mù kàn án. Ẹ̀jẹ̀ dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ká aṣọ, ó ní kó deyín mọ́ ọn pinpin. Aṣọ rin gbingbin. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Bọ̀ọ̀dá, ó jọ pé eléyìí ò tijú yín o," ni àbúrò rẹ̀ wí, ló bá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń yọ̀ wálẹ̀. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi oníbàárà kan sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ìdajì orí, ó gbé àbúrò rẹ̀ di ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan ló bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì. Ọ̀kan nínú wọn ò tó lára àbúrò yín. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ṣé ìyá yín ní arákùnrin?"

"Ọ̀kan. A ò bá a láyé. Ọgbẹ́ kékeré ló pa á."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Àrùn ìdílé ìyá yín nìyẹn. Oògùn rẹ̀ wà, àmọ́ ó ti tán níbí. A ti ránṣẹ́ lọ ìlú kejì. Bó bá yá, á dé lọ́la."

"Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ tèmi fún un. Ọmú kan náà la mu."

"A máa fà á, nítorí èyí tó ti dànù. Àmọ́ kò lè dá èyí tó ń jò dúró."

Wọ́n fà á. Kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un ti dí. Ó tẹjú mọ́ ọn, ojú tì í bí ẹni tó jí ìpín àbúrò rẹ̀ mú. Láti ìgbà náà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò rí nǹkan ṣe ju kó máa na aṣọ mímọ́ sí i, kó sì máa gba èyí tó ti pọ́n.

Oògùn dé: ìgò méjì, nígbà tí wọ́n béèrè mẹ́fà. Ó sáà dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró.

"Bó bá tún ṣèṣe," ni dókítà wí, "mi ò ní nǹkan kan nílẹ̀ tí màá fún un. Ṣé ó lọ́mọbìnrin?"

"Ó ní ọ̀kan. Ó ti lóyún oṣù mẹ́fà."

"Kó wá rí mi. Ó lè gbé àìsàn yìí fún ọmọ inú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọkùnrin."

Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni ọmọbìnrin náà ti pàdé Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé abọ́ oúnjẹ bàbá rẹ̀ dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ti dá?"

"Ó ti dá."

"Kí wá ni dókítà sọ?"

Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un lọ sórí bẹ́ńṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un láti orí arákùnrin ìyá wọn tí ọgbẹ́ kékeré pa.