Ọwọ́ Aláró Nídìí Ayò Lẹ́tà

Wọ́n pè mí ní olè nítorí pé aró wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé àyè mi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n akọ̀wé wọn.

Ayò tí mo ń wí yìí ni síkírábù. Lẹ́tà méje ni wàá fà yọ nínú àpò láìwò, inú wọn ni wàá ti wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé eré ọmọdé ni. Kó jókòó sí i ná. Bí T, R, A, I, N, E, D bá wà níwájú ènìyàn méjì, ẹnì kan á rí "train", á máa yọ̀. Ẹnì kejì á lo gbogbo rẹ̀, á tẹ́ "trained" sílẹ̀, á sì wo ojú ẹni àkọ́kọ́. Èmi ni ẹnì kejì.

Ìdí ìkòkò aró ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo gba digirì tán tí iṣẹ́ ò yọjú, mo padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú. Aṣọ tí a rì sínú aró kì í fẹ́ ìkánjú. A ó rì í, a ó yọ ọ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, a ó tún un rì. Bí a bá ti ń dúró, ìyá mi, tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, á na ìka sí àkọlé ara agolo kẹ́míkà tàbí ara ọkọ̀ tó ń kọjá. "Mú méje nínú ìyẹn. Kí lo rí?" Bí mo bá pẹ́, á ní, "Ṣé wọn ò kọ́ yín ní fáfitì ni?" Àwọn aláró ìsọ̀ kejì á bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni ojú mi ṣe là.

Ẹgbẹ́ wa máa ń pàdé ní Sátidé nínú gbọ̀ngàn kan lókè àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀. Ariwo àwọn tó ń pe èrò Èkó ní gáréèjì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ń yan àwọn tí yóò ṣojú wa níbi ìdíje kan lẹ́yìn odi. Àyè kan ṣoṣo ló kù. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n akọ̀wé la jọ ń du ú, mo sì ti ń nà án bọ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń fi bíírò kọ máàkì wa sílẹ̀. Lójijì ló mú ọmọ ayò òfìfo nílẹ̀, èyí tí kò ní lẹ́tà lára, tí ènìyàn lè sọ di lẹ́tà tó bá wù ú. Kò sí ẹni tí kì í fẹ́ kí ìyẹn bọ́ sí òun lọ́wọ́.

"Kí lèyí?" Àmì búlúù kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò mọ̀, sà."

"O ò mọ̀? Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀!" Ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó gbé e sókè bí ẹni ń fi ẹran han oníbàárà. "Ẹ wo èékánná! Ó ti sàmì sí i kó lè máa dá a mọ̀ nínú àpò."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn: "Anti Aláró, ṣé ẹ máa bá wa rẹ fìlà náà ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní omi àti áńkáṣíìfù funfun. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ yìí nù ún lójú gbogbo èèyàn. Bí àwọ̀ bá ràn án, ẹ lé mi."

"A ò wá fọṣọ níbí, màdáámù. Dìde."

Alága ẹgbẹ́ ń nu jígí ojú rẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán nínú àtẹ̀gùn tí mo fi gbọ́ pàtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Aró tó ti wọ awọ ara kì í ran nǹkan mọ́. Ọwọ́ ìyá mi búlúù ju tèmi lọ. Ọwọ́ yẹn ló ń ká jalámíà funfun bàbá mi fún ìrun Jímọ̀, bàbá mi ò sì tíì gbé àmì kan wọ mọ́sáláṣí rí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àmì tí mo rí yẹn ò jọ aró rárá. Tàdáwà ni. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò ní mọ aró yàtọ̀ sí tàdáwà? Ta ló sì di bíírò tó ń jò mú ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn?

Nígbà tí mo rò ó fún ìyá mi, mo retí kó ní kí n fi í f'Ọ́lọ́run. Kò wí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Ọwọ́ tó rán ẹ lọ sí fáfitì ni wọ́n pè lọ́wọ́ olè yẹn."

Láti ìgbà náà, bó bá ń lọ sí Kútọ̀, abẹ́ ìbòrí rẹ̀ ló ń kó ọwọ́ méjèèjì sí. Ìyá mi, tí kì í lè sọ̀rọ̀ láìju ọwọ́! Mo lè gbàgbé ìdíje. Mi ò ní gbàgbé ìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n akọ̀wé lọ síbi ìdíje, wọ́n já a ní ìpele àkọ́kọ́. Inú mi dùn. Mo ní kí àbúrò mi tún ìròyìn náà kà fún mi, mo sì ra súyà fún un.

Ṣùgbọ́n súyà kì í ṣe ẹ̀san. Nígbà tí ìpàdé ọdọọdún ku ọ̀la, mo ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú ìkòkò aró dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ṣé orí ẹ pé?" ni ìyá mi wí.

"Ó pé, Màmá. Mo fẹ́ lọ kí àwọn kọmitì."

Ó mú igi, ó ro aró náà. "Rì í dáadáa nígbà náà. Má fi ṣe eré."

Mo fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ìró àti bùbá funfun, mo gòkè lọ sí gbọ̀ngàn. Funfun ni àwọn kọmitì náà wọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alága.

"Ẹ kú ìpàdé, sà." Mo na ọwọ́.

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo rí i bó ṣe yọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo bọ akápò lọ́wọ́, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú àpò.

"Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, sà."

"Òtútù ló mú mi."

"Nínú oòrùn yìí, sà?"

Ohùn tó pè mí ní Anti Aláró níjọ́sí tún ké láti ẹ̀yìn: "Akọ̀wé wa, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ jàre! Kò ní rẹ yín láró!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Akọ̀wé dìde, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú àpò.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò bá mi sọ nǹkan kan. Nítorí náà, èmi ni mò ń béèrè. Alága, ẹ̀yin tí ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín tí ẹ ò rí àmì, kí lẹ rí lọ́jọ́ tí ẹ mi orí? Ọmọ ayò òfìfo tí mo ti ní kí ẹ gbé fún mi yẹ̀ wò kí ìpàdé yẹn tó dé, tí ẹ ní ó ti sọnù, ọwọ́ ta ló ti sọnù? Akọ̀wé, kí lẹ fi pamọ́ sínú àpò yín? Ta ni nínú yín ni yóò sì wá sí ìsọ̀ ìyá mi ní Ìtòkú, lójú àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, tí yóò sì sọ fún un pé olè kọ́ ni ọwọ́ yẹn?