Ọdún Tí Egúsí Wa Dúdú

Òórùn bàrà tó ń jẹrà ni mo fi ń mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn igi kòkó bàbá mi, òórùn náà á ti wọ inú ahéré wa, á dàpọ̀ mọ́ èéfín igi àti ìtọ̀ àbúrò mi tó wà lára aṣọ tí mo fi bora. Ó kan, ó sì dùn díẹ̀, bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àwa kì í gbọ́ ọ mọ́ tó bá ti di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí a bá délé ní Ìwó, tí àwọn ọmọ ìyá mìíràn bá di imú, la tó ń rántí pé ó wà lára wa.

Abà wa wà lápá ọ̀nà Kuta. Ahéré mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi ìdáná kan tí gbogbo obìnrin ń lò. A ń gbé oko láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, a ó di ẹrù, a ó fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú, lọ sí agbo ilé bàbá mi tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí a bá ti ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tán, tí a jẹun, ojú ọ̀nà oko náà ni. Bàbá mi ló ni kòkó àti iṣu. Màmá wa ló ni egúsí, òun ló sì ń ra iyọ̀ wa, ọṣẹ wa, epo àtùpà wa àti aṣọ tí a ń wọ̀ lọ́dún.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí a ṣe ń ṣe é. Tí bàrà bá gbó, a ó kó o jọ sí òkìtì, a ó fi kùmọ̀ fọ́ ọ, a ó fi ewé bò ó kó lè jẹrà. Tó bá jẹrà tán, a ó rù ú lọ sódò, a ó fọ egúsí inú rẹ̀, a ó sá a sórí ẹní. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ọjọ́ tí èèyàn bá fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kánjú, ara bàrà kò ní í bọ́ kúrò lára egúsí. Ẹni tó bá pẹ́, egúsí rẹ̀ á dúdú, òmíràn á sì hù nínú èèpo. Láràárọ̀ ni Màmá ń ti ọwọ́ bọ inú òkìtì yẹn, wọn á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, wọn á gbé e sí imú. "Ó kù díẹ̀," wọn á wí, wọn á fi ewé nu ọwọ́.

Omi ni ìṣòro. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, odò abà wa a máa gbẹ títí á fi ku kòtò omi kan ṣoṣo lábẹ́ àpáta. Àwọn obìnrin tí wọ́n ní bàrà lágbègbè náà sì ti pín in láàrin ara wọn, oníkálùkù ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá, á dúró títí yóò fi tún kàn án. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, kò sì sí ojú àánú.

Màmá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, wọn á pọn omi, wọn á dáná, wọn á lọ ata, wọn á gbé ọkọ́. N kò rí wọn kí wọ́n sùn lọ́sàn-án rí nígbà náà. Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọn á dúró láàrin ebè, wọn á gbára lé igi ọkọ́, ojú wọn á là sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wo nǹkan kan. Tí mo bá bi wọ́n pé, "Màmá, kí ló ṣe yín?" èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi. "Kò sí nǹkan kan. Kó rẹni kì í ṣe àìsàn." Wọn á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kì í na ọmọ púpọ̀. Ojú ni wọ́n fi ń bá wa wí, wọ́n sì máa ń sọ pé ọmọ tó bá mọ ojú kò ní í mọ pàṣán.

Èmi ni àkọ́bí. Nígbà tí wọ́n bí Gbénga, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Mo ń pọ̀n ọ́n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ní ọdún tí ọwọ́ ọ̀tún mi kọ́kọ́ gba orí kọjá tó kan etí òsì, bàbá mi ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kí Gbénga rìn ná." Gbénga rìn. Kí ọdún tó yí, wọ́n bí Kúnlé. "Ẹ jẹ́ kí Kúnlé já lẹ́nu ọmú ná." Mo tún gba ọ̀já.

Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wa lábà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ará Kuta ni wọ́n, wọ́n ju Màmá lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu wọn sì dùn. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń fọ́ bàrà, wọ́n na kùmọ̀ sí mi.

"Ìyá Ṣadé, ọwọ́ ọmọ yìí ti kan etí láti èṣí. Àbí ó di ìgbà tó bá kan ilé ọkọ kí o tó mú un lọ?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá Ràfátù. Ẹ bá mi pọn àbúrò rẹ̀, kí n mú un lọ lónìí."

"Ta ni? Ẹ̀yìn tèmi yìí? Ẹ̀yìn tèmi ti fẹ̀yìn tì!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń mi Kúnlé tó ti sùn tẹ́lẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ náà dé góńgó. Ìjọba ti ní kí ọmọ máa kàwé láìsanwó, àwọn ọmọ sì pọ̀ ju ìjókòó lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kéde pé ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gba ọmọ tuntun sí ilé ìwé, ọjọ́ náà nìkan. Bàbá tàbí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó mú un wá. Bàbá mi dúró bá tísà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú wọn kò dán nígbà tí wọ́n padà dé ilé.

Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo wà nítòsí, Kúnlé wà lẹ́yìn mi.

Bàbá mi ní, "Tísà wo Ṣadé láti òkè délẹ̀. Ó ní tó bá fi kọjá ọdún yìí, àwọn kò ní í gbà á mọ́. Ó ti ń dàgbà jù fún kíláàsì kìíní."

Màmá kò gbójú sókè. "Bàbá Ṣadé, ọ̀la lọjọ́ omi mi."

"Mo mọ̀."

"Bàrà yẹn ti tó. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ àná."

"Mo mọ̀. Èmi náà, àárò ló wà lọ́rùn mi lọ́la. Àwọn èèyàn yẹn ti bá mi ṣán oko tèmi tán. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n tí n kò bá lọ bá wọn ṣán tiwọn?"

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́. Àárò kì í gbọ́ àwáwí. Ìyá bàbá mi, Màmá Àgbà, wà nílé, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran jìnnà mọ́, wọn kì í sì í ṣe ìyá mi. Bàbá mi wọlé lọ. Wọn kò sọ pé kí Màmá ṣe èyí tàbí kí wọ́n ṣe ìyẹn. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni ìyẹn tàbí pé agara ti dá àwọn náà.

Màmá ṣa ẹ̀wà wọn tán. Wọ́n da ìdọ̀tí rẹ̀ fún adìẹ. Mo ń wo ọwọ́ wọn, nítorí n kò lè wo ojú wọn. Mo mọ ohun tí egúsí jẹ́ fún wa. Mo ti ń sọ fún ara mi pé Kúnlé kò wúwo púpọ̀.

Wọ́n pè mí ní oríkì. "Àbẹ̀kẹ́, wá. Gbé ọwọ́ rẹ sókè."

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún, mo fi gba orí mi kọjá. Kì í ṣe etí ni ìka mi dé. Ó kọjá etí, ó kan eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá wò mí fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn là bí ìgbà tí wọ́n bá dúró láàrin ebè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan kan wà tí wọ́n ń wò.

"Ó ti kọjá etí," wọ́n wí.

Wọ́n yí mi padà. Wọ́n tú ọ̀já lẹ́yìn mi, wọ́n gba Kúnlé, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n fi ọ̀já kan náà so ó mọ́ ara wọn. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́ sí ẹ̀yìn mi tó tutù fún ìtọ̀. Ó dà bí ẹni pé n kò wúwo rárá, bí ẹni pé mo lè ṣubú síwájú.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn wẹ̀ mí títí ara fi ń ta mí. Òórùn bàrà kò lọ. Èrò pọ̀ ní ọgbà ilé ìwé. A tò sábẹ́ igi máńgòrò, oòrùn sì ń gun orí. Obìnrin kan tó wọ aṣọ tó mọ́, tó dúró níwájú wa, fa imú.

"Ẹ gbà wá o! Ta ló gbé bàrà wá síbí? Ìyá olóko, ṣé egúsí lẹ fẹ́ fi sílé ìwé ni?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé Màmá yóò tẹ orí ba. Wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká mi.

"Ẹ má bínú, ìyá," wọ́n wí. "Èyí tó ti gbó ni mo mú wá."

Ẹ̀rín náà yí padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ó sún fún wa lábẹ́ ibòòji. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí rí. Màmá fi èjìká ti igi, Kúnlé lẹ́yìn wọn, wọ́n sì sùn lórí ìdúró. N kò jí wọn. Mo di etí aṣọ wọn mú kí wọ́n má bàa ṣubú, títí tísà fi pè wá.

Tísà wo ojú wọn. "Ìyá, ṣé ara yín yá?"

"Ara yá, tísà. Kó rẹni kì í ṣe àìsàn."

Wọ́n gbà mí. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a jáde. Màmá fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, wọ́n di Gbénga lọ́wọ́ mú, Kúnlé lẹ́yìn, ẹrù lórí, wọ́n sì mú ọ̀nà oko pọ̀n. Ìyá Ràfátù ni omi kàn ní ọjọ́ kejì, àwọn ìyókù sì tẹ̀ lé wọn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó padà dé oko fún ọjọ́ kan. Egúsí wà lórí ẹní níwájú ahéré. Ó dúdú. Òmíràn ti hu ìrù funfun tíntín kó tó gbẹ. Ìyá Ràfátù bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n jẹ́ kó ṣàn padà.

"Ìyá Ṣadé, ta ló kú tí egúsí rẹ ń ṣọ̀fọ̀?"

"Òpè kan ló kú," Màmá dá wọn lóhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Ìyá Ràfátù. Ìyá Ràfátù wọ ahéré tiwọn, wọ́n bu egúsí funfun kún igbá kan, wọ́n gbé e ka ilẹ̀ níwájú Màmá, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Kò sí aláròóbọ̀ tó ra tiwa lọ́dún náà. Àwa la jẹ ẹ́. Gbogbo ọbẹ̀ tí Màmá bá sè nílé lópin ọ̀sẹ̀, òun ni, ó rí bí eérú, ó sì korò lẹ́yìn ọ̀fun. Kò sí aṣọ ọdún. Ìgbà kan tí Gbénga la ẹnu sílẹ̀ tó kọ̀ láti gbé e mì, bàbá mi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ láti ìgbà náà, bu òkèlè tiwọn, wọ́n rọra jẹ ẹ́.

"Ó korò," wọ́n wí.

"Ó korò," Màmá dáhùn, "ṣùgbọ́n ó mọ̀wé."

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn Màmá ni Kúnlé wà nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè, àti àbúrò tó tẹ̀ lé Kúnlé.

Mo kàwé dé ibi tí agbára wọn gbé mi dé, mo parí ilé ìwé girama, mo ríṣẹ́. Mo ti ju ọjọ́ orí Màmá lọ́jọ́ tí a tò sábẹ́ igi máńgòrò yẹn lọ dáadáa báyìí. Mo ní omi ẹ̀rọ nílé, n kò sì gbé ọkọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo ti relé ọkọ. Síbẹ̀ ó máa ń rẹ̀ mí, ó sì ń rẹ̀ mí lọ́nà tí oorun kò fi ń mú un lọ. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo máa ń pariwo rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí Màmá ní Ìwó. Ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí ni mo pọ̀n dání, nítorí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀. Màmá wà lórí àpótí, wọ́n ń bó egúsí. Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́, ó rẹ̀ ọ́."

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Kó rẹni kì í ṣe àìsàn."

Wọ́n gbé àwo egúsí sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ ni mo pa," wọ́n wí. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. "Yí ẹ̀yìn síbí."

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó tún pọn ọmọ kankan mọ́. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo sì dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi tú ọ̀já náà.