Páswọ́ọ̀dù Ìyá Mi

Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá mi ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, Kánádà ló sì ń tà á sí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Adó, wọ́n á ní mò ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Òyìnbó kan tó ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ lọ́hùn-ún ló ń rà á, òun ló sì kọ ọ́ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ po èlùbọ́ náà pọ̀. Ó ti fi àwọn tó ń bá ṣòwò ní orílẹ̀-èdè mìíràn sílẹ̀ nítorí pé àṣírí àpòpọ̀ yẹn jò lọ́wọ́ wọn. Ó sọ fún ìyá mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé bí ọ̀rọ̀ bá ti jò, òwò parí.

Ẹ wá wo ẹni tó fàṣírí lé lọ́wọ́! Ìyá mi kì í gba ìpè láìtan sípíkà. Bí ó bá fi lẹ́tà òyìnbó ṣọwọ́ sí mi, tí mo pè é láti túmọ̀ rẹ̀ fún un, obìnrin tó ń ta èlùbọ́ ní òdìkejì títì á ti máa kí i kú oríire kí n tó kà á tán. Inú a bí mi, orí a sì fọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan tí mo wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fóònù rẹ̀ bọ́ sínú garawa omi. A ra tuntun. Ọjọ́ náà gan-an sì ni òyìnbó ń retí èsì lórí àdéhùn ọdún tó ń bọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á wá ẹlòmíràn. Ímeèlì ìyá mi nìkan ló sì ń gbà. Bí èsì bá ti ibòmíràn wá, olè ló máa kà á sí. Ìyá mi ò wá rántí páswọ́ọ̀dù. Fóònù ní kò burú, kí ó dáhùn ìbéèrè tí ìyá mi fúnra rẹ̀ ti yàn nígbà kan: kí ni orúkọ àkọ́bí rẹ?

Mo kígbe. “Ẹ̀yin ìyá yìí! Orúkọ mi? Èyí tí gbogbo ìlú fi ń pè yín láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ ò kúkú kọ ọ́ sára ògiri!” Mo ṣàlàyé bí àwọn olè ayélujára ṣe máa ń jókòó síbi tí a ò dé rí, tí wọ́n á sì sọ òwò olówò di òfìfo. Bí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, obìnrin òdìkejì fi orúkọ mi kí i, “Iye” lágbájá, ìyẹn ìyá lágbájá, “kú uṣẹ́ o!” Mo nawọ́ sí i. “Ṣé ẹ rí i? Páswọ́ọ̀dù yín ló ń ké yẹn!”

Ìyá mi kàn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Mo gba fóònù, mo tẹ orúkọ mi. Ó kọ̀. Mo tẹ orúkọ tí wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ̀. Mo tẹ oríkì mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, bí mo bá tún ṣì í, ó di ọ̀la. Oòrùn ti ń rọ̀ lẹ́yìn àpáta.

“Gbé e wá,” ni ìyá mi wí. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó tẹ nǹkan kúkúrú kan, ímeèlì ṣí. Mo bá a kọ èsì. Kò pẹ́ tí òyìnbó dáhùn pé àdéhùn dúró, mo sì jó yíká ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bínú.

“Orúkọ ta lẹ tẹ̀?”

Ó ń fi etí aṣọ nu ojú fóònù. “Ọmọkùnrin kan ṣáájú rẹ. Kò pé ọdún tó fi lọ. Ùgbà tí o dé, wọ́n ń fi orúkọ rẹ pè mí, wọ́n ní kí n má pe tirẹ̀ mọ́.”

Irun ti ń funfun lórí mi, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

“O ò bi mí,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó bi mí. Fóònù yìí nìkan ló béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.”