Bàbá Tó Kọ̀ Láti Sẹ́

Ọjọ́ tí Bàbá Akínrìnádé kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi ní Àkúrẹ́, mo rò pé ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ mú wá kọ́ orin. Àfi ìgbà tí wọ́n gbé sasofóònù kalẹ̀.

"Tíṣà, èmi gan-an ni. Mo ti fẹ̀yìn tì. Orin jáàsì kan ṣoṣo ni kó o kọ́ mi, kí n fun ún fún àwọn ará ilé mi ní Oǹdó kí n tó kú."

Orin máínọ̀ ni wọ́n mú wá, irú èyí tó máa ń dún bíi pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níkùn olórin. Iṣẹ́ mi ni láti tú kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tó ń dún pọ̀ lábẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀, palẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ dá ohùn tirẹ̀ lé e lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀. Kọ́ọ̀dù orin yìí kọ́kọ́ gba orí 're, so, do', ara tu èèyàn. Ló bá yà sí 'ti, mi, la', ìbànújẹ́ wọlé. Lórí kọ́ọ̀dù 'mi' yẹn, a kì í fun 'so'. A ó gbé e sókè díẹ̀ kó di 'se', torí òun ló ń fa orin padà sílé, sórí 'la'.

Lẹ́nu àwa akọrin ibí, sọ àti sẹ́ là ń pè wọ́n. Mo pariwo, "Bàbá, ẹ má sọ! Ẹ sẹ́!"

Wọ́n yọ fèrè lẹ́nu. "Sẹ́ kẹ̀? Èmi díákónì? Pétérù sẹ́, ṣebí ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, 'so' náà ni ìka wọn ń wá. Orin ìbílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi dàgbà, 'se' kì í sì í sí nínú ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n dé orí kọ́ọ̀dù 'mi' yẹn, wọ́n fun 'se', fèrè sunkún bọ́ sórí 'la'. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Oǹdó yá nìyẹn."

Oǹdó ò yá. Eyín iwájú wọn tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ bọ́, eyín iwájú la sì fi ń di ẹnu fèrè mú. Dókítà ṣe òmíràn sí i, àmọ́ atẹ́gùn ń sá gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ohùn ò yọ. Ó dùn mí wọra. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jókòó ṣiṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì, eyín wọn pé.

Wọ́n tún wá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n tẹ kọ́ọ̀dù náà lórí kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé fèrè há àyà, wọn ò fi kan ẹnu, wọ́n kàn ń tẹ ìka sí i. Bọ́tìnnì rẹ̀ ń ró kó, kó, kó. Kò sí èyí tó ṣì.

"Tíṣà, ṣé mo gbà á?"

"Ẹ gbà á, sà."

"Ó dáa. Ìwọ lo máa bá mi sọ ọ́ fún wọn ní Oǹdó."

Mo lọ. Mo sọ ọ́ fún àwọn àbúrò wọn, pé Bàbá gba orin náà, títí kan 'se'. Wọ́n gbọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n bù mí lómi mu.