Oòrùn Inú Ilé Tákàbà

Òórùn ewúrẹ́ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà yẹn. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá mi ní nílé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yìnkùlé ló sì kọjú sí. Kí n tó lajú, òórùn ìtọ̀ ewúrẹ́ àti ti èèpo iṣu tó ti kan á ti gba inú nẹ́ẹ̀tì wọlé wá bá mi lórí ẹní. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Mo wà nínú tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin Mùsùlùmí fi ń ṣe opó ọkọ rẹ̀. Àáfà tó wá là á yé wa sọ pé mo lè jáde lọ́sàn-án bí nǹkan bá di kàn-ńpá, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi le ju àáfà lọ. "Ìyàwó, o ò ní jáde," ló wí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kódà n ò gbọdọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, torí pé àwọn ọkùnrin àdúgbò máa ń gba ibẹ̀ bù já sí Ọjà'ba.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè dá jókòó sójú kan bí àmù. Iṣẹ́ fọ́tò ni iṣẹ́ mi. Kí ọkọ mi tó kú, àwọn kan tó ń tẹ ìwé ọmọdé gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n ya àwọn ẹran ọ̀sìn níta gbangba, láìtan iná kankan, kó jẹ́ oòrùn nìkan. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi orúkọ èmi gan-an sí, kì í ṣe orúkọ ọ̀gá tó kọ́ mi. Mo ti ya àgùtàn, mo ti ya pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló. Ewúrẹ́ ló kù. Wọ́n bá mi kẹ́dùn dáadáa, wọ́n sì ní bí oṣù bá parí tí ewúrẹ́ ò dé, àwọn á gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ewúrẹ́ sì nìyẹn lẹ́yìn fèrèsé mi! Ti ìyá ọkọ mi ni, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo gbìyànjú láti yà á láti inú yàrá, àmọ́ nẹ́ẹ̀tì sọ gbogbo rẹ̀ di kùrukùru, ẹ̀yìn ẹran nìkan ni mo sì ń rí láti òkè. Ẹran dúdú kò fẹ́ oòrùn ọ̀sán rárá: ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dán, ojú rẹ̀ á wá dà bí ihò. Oòrùn àárọ̀ ló yẹ ẹ́, èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹni tó ń yà á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú àwọn méjèèjì á fi ṣe déédéé. Irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ń wá sí ẹ̀yìnkùlé wa láràárọ̀. Á gba àárín páànù ilé méjì kọjá, á mú ògiri amọ̀ pọ́n bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, á sì tún lọ kíákíá. Èmi á di irin fèrèsé mú, mà á máa wò ó bí ọmọ tó ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun. Yàrá há mọ́ mi, ara mi pàápàá há mọ́ mi. Nígbà míì tí mo bá ń sunkún, mi ò mọ̀ bóyá ọkọ mi ni mo ń sun ún fún àbí oòrùn yẹn, ojú á sì tì mí.

Mo bẹ ìyá ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan. "Kí opó máa ya fọ́tò?" ló bi mí. "Káyé máa sọ pé inú ẹ ń dùn?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Mọlété ló wá bi mí lórí wásáàpù pé ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ dé. Bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́: "Oorun ni mi o ri." Oòrùn ojú ọ̀run ni mò ń wí. Oorun tí à ń sùn ni ẹ̀gbọ́n mi kà. Lọ́jọ́ kejì, ó já wọlé wa, òógùn bò ó, ó di tíì àti oògùn sínú ọ̀rá, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ mi.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa kú. Kò rí oorun sùn!"

Mo sáré jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi, oòrùn ni mo wí! Oòrùn tí mo fẹ́ fi ya ewúrẹ́!"

Ó wo fóònù rẹ̀, ó wò mí. "Orí ẹ ò pé! Tí mo fi gun ọ̀kadà láti Mọlété!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ mi. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo rántí ibi tí mo wà, mo sì fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ń yí lọ́wọ́.

"Oòrùn o, oorun o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "èmi ò rí ìkankan látọjọ́ tí ọmọ mi ti lọ."

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Látìgbà ìsìnkú, òun náà kò tíì ré kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Kò lọ sọ́jà, kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Ta ló fi òun sínú tákàbà? Mo ti rò pé ó ń ṣọ́ mi ni, àṣé a jọ há síbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi. "Ìyàwó, gbé kámẹ́rà ẹ." Ó ti fi bẹ́ǹṣì dí ọ̀nà àbùjá, ó sì ti sá ìró sórí okùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo wo ewúrẹ́ lójú. Oòrùn dé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú kan ló tàn sí, èkejì ṣókùnkùn. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé aṣọ funfun ni mo nílò lápá ibẹ̀ tí yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ó wọlé, ó sì gbé jàlàbíà funfun ọmọ rẹ̀ jáde, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù.

"Báwo ni kí n ṣe é?"

"Ẹ nà án báyìí, mà. Ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀."

Ó di èjìká jàlàbíà náà mú bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ wò ó bóyá aṣọ máa gba ọmọ òun. Ìmọ́lẹ̀ wọ ojú ewúrẹ́ náà, mo rí àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó wà nínú ẹyinjú rẹ̀, mo sì yà á.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ìyá ọkọ mi ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fẹ̀yìn ti ògiri, jàlàbíà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sùn lọ fọnfọn nínú oòrùn àárọ̀, ó ń han-anrun. Mo jókòó tì í. Oòrùn ta wá lẹ́sẹ̀ títí ó fi gbóná, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹnì kejì wọlé.

Ewúrẹ́ náà wọ inú ìwé, pẹ̀lú orúkọ mi. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kù fún mi jù ni pé títí dòní, bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, mo kọ́kọ́ máa ń wo ẹni náà dáadáa, bóyá òun náà há sínú ibẹ̀ bíi tèmi.